Báwo ni purotéènì tí ń pa jíìnì lẹ́nu mọ́ ṣe ń mọ ibi tí yóò dúró sí lórí DNA? Ohun tí ẹ̀jẹ̀ ọmọ inú oyún kọ́ àwọn onímọ̀ nípa àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde

Ọmọ tí wọ́n bí pẹ̀lú àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde kì í sábà fi àmì rẹ̀ hàn ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Fún oṣù mélòó kan àkọ́kọ́, ara rẹ̀ lè le bí ti àwọn ọmọ yòókù ní àdúgbò. Ẹ̀yìn náà ni ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wú, tí egungun yóò máa ro ó, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò sì máa dínkù. Síbẹ̀, jíìnì tí ó fa àìsàn náà ti wà lára ọmọ yìí láti ọjọ́ tí oyún rẹ̀ ti dúró. Kí ni ó wá dá ìrora náà dúró di ìgbà yẹn?

Ìdáhùn ìbéèrè yìí wà nínú iṣẹ́ purotéènì kan tí wọ́n ń pè ní BCL11A. Iṣẹ́ rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ni láti pa jíìnì kan lẹ́nu mọ́, ìyẹn jíìnì tí ń ṣe ẹ̀jẹ̀ ọmọ inú oyún. Bí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ṣe mọ ibi tí purotéènì yìí ń dúró sí lórí DNA ti tú àdììtú kan nínú ìmọ̀ nípa ìdàgbàsókè ọmọ inú oyún. Ọ̀nà ìtọ́jú tuntun sì ti jáde láti inú ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí purotéènì náà, fún àìsàn tí ó ń bá Nàìjíríà fínra ju ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè àgbáyé lọ.

Kí ni ó túmọ̀ sí láti pa jíìnì lẹ́nu mọ́?

Yàtọ̀ sí ìwọ̀nba díẹ̀, gbogbo sẹ́ẹ̀lì inú ara ènìyàn ni ó gbé ẹ̀dà DNA kan náà dání. DNA yìí dà bí ìwé gígùn tí a fi lẹ́tà mẹ́rin péré kọ: A, C, G àti T. Ẹ̀dà kan ṣoṣo rẹ̀ ní lẹ́tà tí ó tó bílíọ̀nù 3. Bí a bá na gbogbo DNA tí ó wà nínú sẹ́ẹ̀lì kan, yóò gùn tó nǹkan bí mítà 2. Jíìnì ni àwọn ìpín inú ìwé náà tí sẹ́ẹ̀lì ń kà láti fi ṣe purotéènì, iye wọn nínú ènìyàn sì tó nǹkan bí 20,000.

Kò sí sẹ́ẹ̀lì kankan tí ń ka gbogbo ìwé náà tán. Ohun tí ó mú kí sẹ́ẹ̀lì ojú yàtọ̀ sí ti ẹ̀dọ̀ ni pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń ka ìpín tirẹ̀, ó sì ń pa ìyókù dé. Nígbà tí ọlẹ̀ bá ń dàgbà nínú oyún, ó di dandan kí àwọn jíìnì kan sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí wọ́n sì dákẹ́ nígbà tí àkókò wọn bá kọjá. Bí èyí tí ó yẹ kí ó dákẹ́ kò bá dákẹ́, tàbí tí èyí tí ó yẹ kí ó sọ̀rọ̀ bá yadi, ọmọ náà lè ní àbùkù tàbí kí oyún bàjẹ́.

Àwọn purotéènì tí ń ṣe iṣẹ́ ìpanilẹ́numọ́ yìí kò ní ojú tí wọ́n fi ń ríran. Wọ́n ń léfòó nínú sẹ́ẹ̀lì, wọ́n ń kan DNA níhìn-ín, wọ́n ń kàn án lọ́hùn-ún, títí wọn yóò fi bá ibi tí ó bá ìrísí wọn mu pàdé. Bí wọ́n ṣe ń rí ibi kan ṣoṣo láàárín bílíọ̀nù 3 lẹ́tà ni ìbéèrè tí ó gba àwọn onímọ̀ lọ́kàn fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ẹ̀jẹ̀ ọmọ inú oyún kò rí bí ti àgbàlagbà

Hímóglóbíìnì ni purotéènì pupa tí ń gbé afẹ́fẹ́ ọ́síjìn kiri inú ara. Ẹ̀ka mẹ́rin ni ó so pọ̀ di hímóglóbíìnì kan: méjì láti ìdílé álífà, méjì láti ìdílé bẹ́tà. Àwọn jíìnì ìdílé bẹ́tà márùn-ún tò tẹ̀ lé ara wọn lórí kúrómósómù 11. Ohun ìyanu ibẹ̀ ni pé bí wọ́n ṣe tò ni wọ́n ṣe ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn.

Èyí tí ó ṣáájú ní ìlà náà ni ó ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, nígbà tí ọlẹ̀ kò tíì tóbi ju ẹ̀wà lọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ kẹfà sí ìkẹjọ, jíìnì méjì tí ó tẹ̀ lé e, tí wọ́n ń pè ní gámà, yóò gba iṣẹ́. Inú ẹ̀dọ̀ ọlẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe hímóglóbíìnì ọmọ inú oyún, tí àwọn dókítà ń pè ní hímóglóbíìnì F. Hímóglóbíìnì yìí ń fa ọ́síjìn mọ́ra ju ti ìyá lọ. Ìdí nìyí tí ọlẹ̀ fi lè gba afẹ́fẹ́ láti inú ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ̀ nínú ibi ọmọ.

Ní ọjọ́ tí wọ́n bá bí ọmọ, ó ju ìdajì hímóglóbíìnì rẹ̀ lọ tí ó ṣì jẹ́ F. Láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́fà, gámà yóò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́ tán. Bẹ́tà, tí ó wà ní ìparí ìlà, ni yóò gba iṣẹ́ nínú mùdùnmúdùn egungun. Nínú ọ̀pọ̀ àgbàlagbà, hímóglóbíìnì F kì í tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún.

Jíìnì bẹ́tà yìí gan-an ni àbùkù fòníkú-fọ̀ladìde wà nínú rẹ̀. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni ó yí padà: T wà níbi tí ó yẹ kí A wà. Nítorí lẹ́tà kan yìí, hímóglóbíìnì tí ó bá ti já ọ́síjìn sílẹ̀ yóò máa lẹ̀ mọ́ èkejì rẹ̀, wọn yóò di ọ̀pá gígùn nínú sẹ́ẹ̀lì pupa, sẹ́ẹ̀lì náà yóò sì tẹ̀ bí dòjé. Irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ a máa dí òpó ẹ̀jẹ̀, a sì máa fa ìrora, rọpárọsẹ̀ àti ìbàjẹ́ ẹ̀yà ara. Gámà kò ní àbùkù yìí. Bí hímóglóbíìnì F bá wà nínú sẹ́ẹ̀lì náà tó, kì í jẹ́ kí ọ̀pá náà so pọ̀. Ààbò yìí ni ọmọ ọwọ́ ń jẹ kí gámà tó dákẹ́.

Bí àwọn dókítà ṣe kọ́kọ́ fura

Ní ọdún 1948, dókítà àwọn ọmọdé kan ní New York, Janet Watson, ṣàkíyèsí pé ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ tuntun tí wọ́n gbé àbùkù yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ tẹ̀ bí ti ìyá wọn. Ó dábàá pé hímóglóbíìnì ọmọ inú oyún ni ó ń dáàbò bò wọ́n. Ní ọdún 1955, G. M. Edington àti Hermann Lehmann kọ̀wé nípa àwọn ènìyàn kan ní Gold Coast, tí ó di Ghana lónìí, tí hímóglóbíìnì F ṣì pọ̀ lára wọn nígbà tí wọ́n ti dàgbà. Ara wọn le.

Irú ogún ìdílé báyìí pọ̀ díẹ̀ ju bí a ti rò lọ. Lára àwọn kan, apá ńlá DNA ni ó ti já kúrò ní àgbègbè náà. Ọ̀kan nínú irú rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ fi Ghana sọ lórúkọ. Lára àwọn mìíràn, lẹ́tà kan péré ni ó yí padà lẹ́bàá jíìnì gámà. Ní ọdún 1985, wọ́n rí irú èyí nínú àwọn ará Gíríìsì: lẹ́tà tí ó wà ní ipò 117 ṣáájú ibi tí kíkà jíìnì gámà ti bẹ̀rẹ̀ ti di A dípò G. Ìyípadà kékeré yìí tó láti mú kí gámà máa sọ̀rọ̀ títí ọjọ́ ogbó.

Ó hàn gbangba nígbà náà pé ohun kan wà tí ó yẹ kí ó dúró sí ibẹ̀ kí gámà tó lè dákẹ́. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ni orúkọ rẹ̀.

Wíwá BCL11A rí

Ní ọdún 2007 àti 2008, àwọn olùwádìí ní London, Sardinia àti Boston fi DNA ọ̀pọ̀ ènìyàn wé ara wọn láti mọ ìdí tí hímóglóbíìnì F fi pọ̀ lára àwọn kan ju àwọn mìíràn lọ. Ìwádìí wọn tọ́ka sí ibi kan lórí kúrómósómù 2, tí ó jìnnà pátápátá sí kúrómósómù 11 tí gámà wà. Jíìnì tí ń ṣe BCL11A ni ó wà níbẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, nínú ìmọ̀ nípa àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ti mọ orúkọ rẹ̀.

Ní ọdún 2008 kan náà, ẹgbẹ́ olùwádìí tí Stuart Orkin ń darí ní Boston dín BCL11A kù nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà, gámà sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ní ọdún 2011, wọ́n mú BCL11A kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ èkúté tí wọ́n fún ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde. Àmì àìsàn náà pòórá lára àwọn èkúté ọ̀hún.

Àwọn ìwádìí wọ̀nyí fi hàn pé BCL11A ni ó ń pa gámà lẹ́nu mọ́, ṣùgbọ́n wọn kò sọ ibi tí ó ń dúró sí. Ọ̀nà àyẹ̀wò tí ó wà nígbà náà kò fi í hàn lẹ́nu ọ̀nà jíìnì gámà. Ibòmíràn, tí ó jìnnà díẹ̀, ni ó ń tọ́ka sí. Fún ọdún mẹ́wàá gbáko ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ fi rò pé láti òkèèrè ni purotéènì náà ti ń ṣiṣẹ́.

Lẹ́tà 6 láàárín bílíọ̀nù 3

Ọdún 2018 ni ọ̀rọ̀ náà yanjú. Àwọn olùwádìí ní Boston lo ọ̀nà tuntun kan tí wọ́n ṣe àgbékalẹ̀ rẹ̀ nínú yàrá ìwádìí Steven Henikoff ní Seattle. Nínú ọ̀nà yìí, wọ́n máa ń rán ohun tí ń gé DNA lọ bá purotéènì tí wọ́n ń wá, kí ó gé kìkì ibi tí purotéènì náà dúró sí jáde. Ìyókù DNA kò ní í bá a jáde, nítorí náà ariwo kò pọ̀ nínú àbájáde rẹ̀. Ẹgbẹ́ mìíràn ní Sydney, lábẹ́ Merlin Crossley, náà gba ọ̀nà tiwọn dé ibi kan náà.

Ohun tí wọ́n rí ni pé BCL11A ń ka ọ̀rọ̀ onílẹ́tà 6: TGACCA. Ọ̀rọ̀ yìí wà ní nǹkan bí lẹ́tà 115 ṣáájú ibi tí kíkà gámà ti bẹ̀rẹ̀. Apá kan lára BCL11A ní ohun tí ó dà bí ìka, tí èròjà sínkì gbé ró. Mẹ́ta nínú àwọn ìka wọ̀nyí ni ó ń wọ inú kòtò DNA, tí wọ́n ń fọwọ́ kan lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Bí lẹ́tà bá yí padà, ìka kò ní í bá a mu mọ́. Lẹ́tà G tí ó di A lára àwọn ará Gíríìsì wà nínú ọ̀rọ̀ 6 yìí gan-an: TGACCA ti di TAACCA. Bí ìdílé wọn ṣe bọ́ lọ́wọ́ BCL11A nìyẹn.

Ìṣòro kan ṣì kù. Bí a bá to lẹ́tà mẹ́rin láìní ètò, ọ̀rọ̀ onílẹ́tà 6 èyíkéyìí yóò jáde lẹ́ẹ̀kan nínú gbogbo lẹ́tà 4,096. Nínú bílíọ̀nù 3 lẹ́tà, ìyẹn ju ìgbà 700,000 lọ. Bí lẹ́tà nìkan bá tó, BCL11A ì bá máa dúró káàkiri bí àlejò tí kò mọ ilé tí ó ń wá.

Ìdáhùn àkọ́kọ́ ni pé ọ̀pọ̀ jùlọ DNA ni a ti ká jọ. Ó ń yí mọ́ àwọn purotéènì kan bí òwú ṣe ń yí mọ́ kẹ̀kẹ́, nǹkan bí lẹ́tà 147 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ibi tí a bá ká jọ le koko kì í ṣeé kà. Ìwọ̀nba ibi tí ó ṣí sílẹ̀ nínú irú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ni purotéènì rí ààyè dúró sí. Nínú sẹ́ẹ̀lì tí yóò di ẹ̀jẹ̀, àgbègbè hímóglóbíìnì wà lára àwọn ibi tí ó ṣí.

Ìdáhùn kejì ni àwọn aládùúgbò. TGACCA fara hàn lẹ́ẹ̀mejì lẹ́nu ọ̀nà gámà, láàárín ìwọ̀n tí kò tó lẹ́tà 30, síbẹ̀ èyí tí ó jìnnà sí jíìnì ni BCL11A ń dì mú. Lórí èyí tí ó súnmọ́ ọn, purotéènì mìíràn ni ó ń dúró, èyí tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ NF-Y.

Ìjà lẹ́nu ọ̀nà

NF-Y ni ó ń mú gámà sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ CCAAT ni ó ń kà, bí a bá sì wo TGACCAAT dáadáa, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì wọnú ara wọn. Ìwádìí tí ẹgbẹ́ Boston gbé jáde ní ọdún 2021 fi hàn pé bí BCL11A bá ti jókòó sí ipò tirẹ̀, kì í jẹ́ kí NF-Y rí ààyè dúró nítòsí. Bí wọ́n bá lé BCL11A lọ, kò ní í pẹ́ tí NF-Y yóò fi padà dé, tí kíkà gámà yóò sì bẹ̀rẹ̀.

BCL11A kì í dá wá. Ó ń pe ẹgbẹ́ purotéènì kan tí wọ́n ń pè ní NuRD wá, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti yọ àmì kẹ́míkà tí ń jẹ́ kí DNA ṣí sílẹ̀, kí ibẹ̀ lè ká jọ padà. Purotéènì mìíràn, ZBTB7A, ń dúró ní nǹkan bí lẹ́tà 200 ṣáájú gámà, òun náà sì ń ṣe iṣẹ́ ìpanilẹ́numọ́ kan náà. Wọ́n rí ipa tirẹ̀ ní ọdún 2016. Ìyípadà lẹ́tà ní ibẹ̀ náà wà lára ohun tí ń mú kí hímóglóbíìnì F máa bá àwọn ìdílé kan lọ.

Ta ni ó ń sọ fún BCL11A pé àkókò ti tó?

Bí ọ̀rọ̀ TGACCA bá ti wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ni kò jẹ́ kí BCL11A pa gámà lẹ́nu mọ́ nígbà tí ọlẹ̀ ṣì wà nínú oyún? Ìdí ni pé BCL11A fúnra rẹ̀ kò tíì pọ̀ tó nígbà náà.

Nínú sẹ́ẹ̀lì ọlẹ̀, purotéènì kan tí ń jẹ́ LIN28B máa ń dènà ṣíṣe BCL11A, bí ìwádìí tí ó jáde ní ọdún 2020 ti fi hàn. Àṣẹ láti ṣe é ti wà, ṣùgbọ́n LIN28B kò jẹ́ kí wọ́n mú àṣẹ náà ṣẹ. Purotéènì kejì, HIC2, ń pa jíìnì BCL11A gan-an lẹ́nu mọ́. Bí ọmọ ṣe ń dàgbà ni àwọn méjèèjì ń dínkù, tí BCL11A sì ń pọ̀ sí i. A lè sọ pé apanilẹ́numọ́ fúnra rẹ̀ wà lábẹ́ àwọn apanilẹ́numọ́ mìíràn, tí ọjọ́ orí ọlẹ̀ ń darí wọn.

Àwọn tí ń tẹ̀ lé àmì dípò lẹ́tà

Ọ̀nà BCL11A kọ́ ni ọ̀nà kan ṣoṣo. Ní ọdún 1947, Pamela Lewis rí eṣinṣin èso kan ní Amẹ́ríkà tí ó ní ìyàrun kékeré lórí ẹsẹ̀ tí kò yẹ kí ó ní. Akọ eṣinṣin náà máa ń ní in lórí ẹsẹ̀ méjì iwájú nìkan. Jíìnì tí ó bàjẹ́ náà ni wọ́n sọ ní Polycomb. Ìwádìí tí ó tẹ̀ lé e fi hàn pé ẹgbẹ́ Polycomb ni ó ń pa àwọn jíìnì tí ń sọ ibi tí orí, àyà àti ikùn yóò wà lẹ́nu mọ́ níbi tí kò yẹ kí wọ́n ti sọ̀rọ̀. Ẹgbẹ́ yìí wà nínú ènìyàn pẹ̀lú.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Polycomb kò mọ lẹ́tà kà. Nínú eṣinṣin, purotéènì mìíràn tí ń jẹ́ PHO ni ó ń bá wọn ka DNA, tí ó sì ń pè wọ́n wá. Nínú ènìyàn àti èkúté, ibi tí C àti G pọ̀ sí, tí kò sì ní àmì kẹ́míkà kan lórí, ni purotéènì KDM2B ń wá, tí ó sì ń mú apá kan ẹgbẹ́ náà lọ síbẹ̀. Bí wọ́n bá ti dé, wọn yóò fi àmì tiwọn sí ibẹ̀, àmì náà yóò sì pe àwọn yòókù.

Ẹ̀kọ́ kan wà nínú ọ̀rọ̀ Polycomb tí ó kan BCL11A. Ní ọdún 2017, ẹgbẹ́ olùwádìí méjì gé ibi tí PHO àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń kà kúrò nínú DNA eṣinṣin lẹ́yìn tí jíìnì ti dákẹ́. Bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń pín ni àmì ìdákẹ́jẹ́ náà ń ṣá, títí jíìnì fi tún lahùn. Ìdákẹ́jẹ́ jíìnì kì í ṣe ilẹ̀kùn tí a tì lẹ́ẹ̀kan tí a sọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ nù. Ó fẹ́ ẹ̀ṣọ́ tí yóò máa dúró tì í. Bí ẹ̀ṣọ́ bá kúrò lẹ́nu ọ̀nà gámà, ara àgbàlagbà pàápàá lè padà sí ẹ̀jẹ̀ tí ó lò nínú oyún.

Láti inú ìmọ̀ dé ọ̀dọ̀ aláìsàn

Kò ṣeé ṣe láti kàn yọ BCL11A kúrò nínú gbogbo ara, nítorí ó ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe nínú ọpọlọ àti nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń gbógun ti àrùn. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí pẹ̀lú ẹ̀dà kan péré tí ó ń ṣiṣẹ́ máa ń ní ìṣòro òye àti ọ̀rọ̀ sísọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé hímóglóbíìnì F wọn ga.

Ojútùú rẹ̀ jáde ní ọdún 2013. Ẹgbẹ́ Boston rí apá kékeré kan láàárín jíìnì BCL11A tí ó jẹ́ pé inú sẹ́ẹ̀lì tí yóò di ẹ̀jẹ̀ pupa nìkan ni ó ti ń gbé ohùn jíìnì náà sókè. Bí a bá ba ibẹ̀ jẹ́, BCL11A yóò dínkù nínú ẹ̀jẹ̀ pupa, ṣùgbọ́n yóò wà ní ipò rẹ̀ nínú ọpọlọ.

Lórí èyí ni ìtọ́jú tí wọ́n ń pè ní Casgevy dúró. Àwọn dókítà yóò gba sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ ẹ̀jẹ̀ lára aláìsàn, wọn yóò fi ohun èlò CRISPR gé apá kékeré náà, wọn yóò fi oògùn líle pa èyí tí ó kù nínú mùdùnmúdùn egungun, wọn yóò sì dá èyí tí wọ́n tún ṣe padà sí ara rẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí i ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023, Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí i ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà. Nínú aláìsàn 31 tí àjọ FDA ti Amẹ́ríkà gbé yẹ̀ wò lẹ́yìn àkókò tí ó tó, 29 ni ìrora ńlá kò kọlù fún oṣù 12 ó kéré tán.

Kí ni èyí túmọ̀ sí fún Nàìjíríà àti àwọn aládùúgbò rẹ̀?

Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ti gbé jáde, nǹkan bí ọmọ 150,000 ni wọ́n ń bí pẹ̀lú àìsàn yìí ní Nàìjíríà lọ́dọọdún, nígbà tí nǹkan bí ènìyàn kan nínú mẹ́rin gbé àbùkù náà láìṣàìsàn. Kò sí orílẹ̀-èdè tí ẹrù yìí wúwo lórí tó báyìí. Àwọn dókítà kan tilẹ̀ gbà pé lára àwọn ọmọ tí àwọn baba ńlá wa ń pè ní àbíkú, ọ̀pọ̀ ni ó lè jẹ́ pé àìsàn ẹ̀jẹ̀ yìí ni ó gbé wọn lọ.

Irú àbùkù tí ó wọ́pọ̀ jùlọ ní Nàìjíríà ni àwọn onímọ̀ ń pè ní irú ti Benin, nítorí ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀. Òwò ẹrú gbé e dé Bahia ní Brazil, ó sì wà níbẹ̀ títí di òní. Hímóglóbíìnì F àwọn tí wọ́n ní irú yìí kì í sábà ga tó ti àwọn aláìsàn ní Senegal tàbí ní ìlà oòrùn Saudi Arabia. Ìwádìí tí àwọn onímọ̀ láti Èkó àti London gbé jáde ní ọdún 2018 fi hàn pé nínú àwọn aláìsàn Nàìjíríà náà, jíìnì BCL11A wà lára ohun tí ń pinnu bí hímóglóbíìnì F ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò ti pọ̀ tó.

Ṣùgbọ́n iye owó Casgevy jẹ́ mílíọ̀nù 2.2 dọ́là fún ẹnì kan ní Amẹ́ríkà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí àjọ NHS ti gbà láti máa sanwó rẹ̀ fún àwọn aláìsàn kan láti ọdún 2025, iye tí wọ́n kọ sára rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 1.65 pọ́n-ùn. Yàtọ̀ sí owó, ìtọ́jú náà fẹ́ ilé ìwòsàn tí ó lè tọ́jú ẹni tí kò ní ààbò lọ́wọ́ àrùn fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Oògùn líle tí wọ́n ń lò sì lè gba agbára ọmọ bíbí lọ́wọ́ aláìsàn.

Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi ń wá oògùn oníhóró tí yóò ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Ní ọdún 2024, àwọn olùwádìí ilé iṣẹ́ Novartis kéde pé wọ́n ti rí èròjà kan tí ń tú apanilẹ́numọ́ mìíràn, WIZ, ká, tí ó sì gbé hímóglóbíìnì F sókè nínú èkúté àti ọ̀bọ. Ọ̀nà ṣì jìn kí irú rẹ̀ tó di oògùn tí ènìyàn yóò lò.

Èyí tí ó wà nílẹ̀ báyìí ni hydroxyurea, hóró oògùn tí ń gbé hímóglóbíìnì F sókè, tí Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí láti ọdún 1998. Ìwádìí tí wọ́n ṣe láàárín àwọn ọmọdé ní Angola, Congo, Kenya àti Uganda fi hàn pé ó dín ìrora, àìsàn ibà àti ikú kù. Kì í ṣe ìwòsàn pátápátá, dókítà sì gbọ́dọ̀ máa ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ń lò ó. Kò náni tó ohun tí CRISPR ń náni, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó yẹ kí ó máa lò ó ni kò rí i lò, nítorí pé kò sí ẹni tí ó ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wọn ní kété tí wọ́n bí wọn.

Àkókò sì ṣe pàtàkì nínú ọ̀rọ̀ yìí. Oṣù mélòó kan tí ó wà láàárín ìgbà tí wọ́n bí ọmọ àti ìgbà tí BCL11A bá parí iṣẹ́ rẹ̀ ni ara ọmọ náà fi ń dáàbò bo ara rẹ̀. Bí wọ́n bá yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò láàárín àkókò yẹn, tí wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, oògùn tí ń dènà àrùn àti ìtọ́jú tí ó yẹ, ìrora àkọ́kọ́ kò ní í bá òbí rẹ̀ lójijì.